Ọjọ́ mi fi díẹ̀ lé ní 730: ṣé kí n gba káàdì PR Kánádà tuntun báyìí, àbí kí n dúró?

Àkọ́bíBàbá (6 oṣù Kẹwàá 2024)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa ní Kánádà. Ọ̀rọ̀ páálí ló gbé mi wá.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní 2020 ni èmi, ìyàwó mi àti ọmọ méjì balẹ̀ sí Calgary gẹ́gẹ́ bí PR, ìyẹn ẹni tó ní ìyọ̀ǹda láti máa gbé Kánádà láìtíì di ọmọ ìlú. Kòrónà dé bá wa níbẹ̀, iṣẹ́ ò sí, a fara dà á. Nígbà tó di àárín oṣù Kẹfà 2021, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu màmá mi ní Ìbàdàn. Èmi ni àkọ́bí, bàbá mi sì ti dàgbà, ni mo bá forí lé ilé. Ìyàwó àti àwọn ọmọ dúró sí Calgary. Ìtọ́jú màmá, ṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ dẹnu kọlẹ̀ ní Dùgbẹ̀, ọ̀kan ń fa èkejì, oṣù Kejì ọdún yìí ni mo tó padà wá. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ mi ò tíì kúrò ní Kánádà.

Mo ti ṣírò ọjọ́ mi léraléra. Ó lé ní ọjọ́ 730 tí òfin béèrè pé kí PR lò ní Kánádà láàárín ọdún 5, àmọ́ díẹ̀ ló fi lé. Ọjọ́ káàdì mi máa tán ní oṣù Kẹta 2025. Wàyí o, bàbá mi máa pé ẹni 80 ọdún ní àárín oṣù Kejìlá. Wọ́n ti ra aṣọ ẹbí, wọ́n ti san owó gbọ̀ngàn ní Bódìjà, àbúrò mi obìnrin sì ti búra pé bí mi ò bá yọjú, òun ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣé kí n fi fọ́ọ̀mù káàdì tuntun ránṣẹ́ kí n tó lọ ni, àbí kí n lọ kí n bọ̀ ná? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi í sílẹ̀ di oṣù Kẹfà ọdún tó ń bọ̀ kí ọjọ́ mi lè pọ̀ dáadáa. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì Brampton (6 oṣù Kẹwàá)

Ẹ kú àjò, ẹ sì kú ìtọ́jú màmá. Ṣé wọ́n ti ń rìn báyìí?

Kí ẹ̀rù tó gbà yín lọ́kàn, ẹ ya káàdì sọ́tọ̀ kúrò lára ipò PR. Bí ọjọ́ káàdì bá tán lónìí, PR ṣì ni yín. Ohun tó ń gba ipò yẹn lọ́wọ́ èèyàn kò pọ̀: kí òṣìṣẹ́ ìjọba dájọ́ pé ọjọ́ yín ò pé, kí ẹ má pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tàbí kí ẹ pè é kí ẹ pàdánù, kí wọ́n pàṣẹ pé kí ẹ kúrò nílùú, kí àṣẹ náà sì múlẹ̀, kí ẹ fúnra yín kọ̀wé pé ẹ ò ṣe mọ́, tàbí kí ẹ di ọmọ ìlú pátápátá. Káàdì tí ọjọ́ rẹ̀ tán ò sí níbẹ̀.

Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé ẹ ò lè fi wọ bàálù padà wá. Bó bá tán nígbà tí ẹ wà ní Ìbàdàn, àfi kí ẹ tọrọ ìwé ìrìnnà tí wọ́n ń pè ní PRTD, wọ́n á sì tún ka ọjọ́ yín lórí ìyẹn náà. Dọ́là 50 ni, iye kan náà pẹ̀lú ti káàdì. Owó kọ́ ni ìṣòro.

JápaNí2022 (6 oṣù Kẹwàá)

Ẹ̀gbọ́n, èmi ò ní purọ́ fún yín o, ó dà bíi pé ọ̀rẹ́ yín mọ ohun tó ń sọ. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ mi ní Mississauga fi tirẹ̀ ránṣẹ́ nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá 730, wọ́n bá gbé fáìlì ẹ̀ lọ sí àyẹ̀wò kejì. Àwọn tó fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ ti gba káàdì tiwọn, òun ṣì ń ṣí ojú òpó wò láràárọ̀. Ẹ jẹ́ kó lé dáadáa kí wọ́n má bàa rí nǹkan béèrè.

Alákọsílẹ̀ (7 oṣù Kẹwàá)

"Ẹ dúró kí ọjọ́ pọ̀" dára fún ẹlòmíì. Fún Àkọ́bíBàbá, òfo ni. Ẹ fara balẹ̀ bá mi ká lọ.

Abala 28 nínú òfin ìmígíréṣọ̀n Kánádà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, pín àwọn PR sí ọ̀nà méjì. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 5 tó ti di PR, ọdún 5 àkọ́kọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wò, láti ọjọ́ tó balẹ̀ títí di ọjọ́ tó máa pé ọdún 5 géérégé. Ẹni tó ti kọjá ọdún 5, ọdún 5 tó wà lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ni wọ́n ń kà, ọjọ́ yòówù kó jẹ́. Àkókò tiẹ̀ ń sún síwájú lójoojúmọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní 2025 ni ọdún 5 tiyín pé. Títí di ìgbà yẹn, gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá lò ní Kánádà ń gorí èyí tó wà nílẹ̀, nǹkan kan ò sì yọ kúrò. Láti ìgbà yẹn lọ, bí ọjọ́ kan bá wọlé níwájú, ọjọ́ kan á jábọ́ lẹ́yìn. Àwọn wo ló máa jábọ́? Ti 2020 títí di oṣù Kẹfà 2021, ìyẹn gan-an ni àwọn tí ẹ wà ní Calgary. Àgbá tó ń jò nísàlẹ̀ ni: ẹ ń bu omi sí i lókè, ó ń jò, ibi tó wà náà ló máa wà. Bí ẹ bá wá rìnrìn àjò lásìkò yẹn, ẹ ò bu omi, ó sì ń jò. Bẹ́ẹ̀ ló máa rí títí di àárín 2026, torí ìgbà yẹn ni ọjọ́ tí ẹ fi wà ní Ìbàdàn máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́, ìyẹn ò sì dùn wá.

Nítorí náà, oṣù Kẹfà 2025 tí ọ̀rẹ́ yín ń sọ ò fi ọjọ́ kan ṣoṣo kún ohun tí ẹ máa ní ní oṣù Kìn-ín-ní.

Ẹ tún ìṣirò yín wò lórí èyí náà: ọjọ́ tí ẹ balẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ gbéra, odindi ọjọ́ ni wọ́n kà méjèèjì sí, ì báà jẹ́ wákàtí kan lẹ lò níbẹ̀.

JápaNí2022 (7 oṣù Kẹwàá)

Háà! Ẹ kú ìmọ̀ o. Èyí yàtọ̀ sí gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ní WhatsApp wa.

Ọmọ Regina (7 oṣù Kẹwàá)

Ẹ̀yin ará, ẹ ti gbàgbé ìyàwó. Ìyàwó tí kò kúrò ní Calgary láti 2020, ó ti yẹ kó ti di ọmọ ìlú, ọjọ́ 1,095 péré ni wọ́n ń béèrè fún ìyẹn. Òfin sọ pé bí èèyàn bá wà lókè òkun pẹ̀lú ìyàwó tó jẹ́ ọmọ Kánádà, wọ́n á ka ọjọ́ náà fún un. Ẹ̀gbọ́n ò tiẹ̀ ní ìṣòro.

Àkọ́bíBàbá (7 oṣù Kẹwàá)

Òótọ́ ni, ó ti búra ọmọ ìlú lọ́dún tó kọjá. Ṣé ó máa gbà mí?

Alákọsílẹ̀ (7 oṣù Kẹwàá)

Kò ní gbà yín. Òfin ní kí ẹ̀yin méjèèjì jọ wà lókè òkun. Ẹ̀yin wà ní Dùgbẹ̀, ìyàwó yín wà ní Calgary. Ta ló wà pẹ̀lú ta? Bí wọ́n bá ti di ọmọ ìlú, tí wọ́n kó wá bá yín ní Ìbàdàn tí ẹ jọ ń gbé, ìgbà yẹn lẹ lè kà á, láti ọjọ́ tí wọ́n ti di ọmọ ìlú. Ohun kan náà ni ti iṣẹ́: ilé iṣẹ́ Kánádà ló gbọ́dọ̀ rán èèyàn lọ, kó jẹ́ iṣẹ́ alákòókò kíkún, kó sì jẹ́ ìránṣẹ́ tó ní ìgbà tó máa padà. Ẹni tó jókòó sí Lẹ́kí tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ Toronto nítorí pé ó wù ú bẹ́ẹ̀, kò sí lára wọn.

Ọ̀nàÀbáyọ (8 oṣù Kẹwàá)

Ẹ wá bá mi ní kọ̀rọ̀. Èèyàn wa wà tó lè bá yín tún pásípọ́ọ̀tù ṣe, kí òǹtẹ̀ inú ẹ̀ bá ọjọ́ tí ẹ fẹ́ mu. Ó ti ṣe é fún ọ̀pọ̀.

Ìyá Ìbejì Brampton (8 oṣù Kẹwàá)

Ìwọ! Má fi gbésè bá ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé, o fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀daràn?

Kí àwọn tó ń kà á mọ̀: ní 2015, wọ́n rán agbani-nímọ̀ràn kan ní Richmond, British Columbia, lọ sẹ́wọ̀n ọdún 7 lórí irú iṣẹ́ yìí gan-an, òǹtẹ̀ èké nínú pásípọ́ọ̀tù. Nígbà tí wọ́n rí ìwé rẹ̀ gbà, àwọn oníbàárà rẹ̀ ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá sì dájọ́ irọ́ fún, ọdún 5 ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní kan Kánádà. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ò pé ṣì lè bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó purọ́ ti pa ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀.

Láti 2020 ni àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú ti ń fún ìjọba ní orúkọ gbogbo ẹni tó bá bá bàálù jáde. Ta lẹ fẹ́ tàn?

Ọmọ Peckham (8 oṣù Kẹwàá)

Mò ń kà á láti Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ń dúpẹ́. Níbí, ẹni tó ní ILR, ìyẹn ìyọ̀ǹda tiwa láti máa gbé ìlú ọba, lè lọ jókòó sílé, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ lé ní ọdún 2 lẹ́ẹ̀kan, torí ó máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí pé à ń ka ọjọ́ bíi tẹ̀sùbáà. Òfin tiyín le ju tiwa lọ.

Alákọsílẹ̀ (8 oṣù Kẹwàá)

Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Níbí, èèyàn lè lo ọdún 3 lókè òkun nínú márùn-ún láìṣẹ̀ sófin. Kò sí orílẹ̀-èdè púpọ̀ tó gba irú ẹ̀. Àwa la máa ń lo gbogbo rẹ̀ tán ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka.

Àkọ́bíBàbá (9 oṣù Kẹwàá)

Màmá ti ń fi ọ̀pá rìn, ẹ ṣeun ma. Wọ́n ní kí n kí yín.

Ó ti yé mi pé kí n má dúró di oṣù Kẹfà. Ó ku ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí bàbá. Ṣé mo lè bẹ IRCC, iléeṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n Kánádà, kí wọ́n yára sí tèmi, kí káàdì tuntun wà lọ́wọ́ mi kí n tó lọ?

Ìyá Ìbejì Brampton (9 oṣù Kẹwàá)

Wọ́n máa ń yára fún ẹni tí ẹbí rẹ̀ ń ṣàìsàn gidi tàbí tó kú, tàbí ẹni tí iṣẹ́ pè. Aṣọ ẹbí kò sí níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Tí wọ́n bá tiẹ̀ yára, wọn ò ní torí ẹ̀ fo ìṣirò ọjọ́ yín.

Bí ẹ bá ní kí n sọ tinú mi, ẹ má lọ. Ẹ ra màlúù fún bàbá, ẹ sanwó ẹlẹ́rọ tó máa fi ayẹyẹ náà hàn yín lórí fóònù, kí ẹ jókòó. Mo ti rí ẹni tó lọ ọ̀sẹ̀ méjì tí ibà ta mọ́lẹ̀ tó di oṣù méjì. Ẹ̀yin tí màmá ń ṣàìsàn, tí ṣọ́ọ̀bù ń pè, ẹ dá a lójú pé ẹ máa padà ní ọjọ́ tí ẹ dá?

Alákọsílẹ̀ (9 oṣù Kẹwàá)

Ma, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, níbí ni a ti yàtọ̀. Bí ó bá máa rìnrìn àjò rárá, oṣù Kejìlá yìí ló dára jù. Ọdún 5 rẹ̀ ò tíì pé, ọjọ́ rẹ̀ sì ti kọjá 730 nínú ọdún 5 àkọ́kọ́ náà. Àjò tó bá lọ kó tó di oṣù Kìn-ín-ní kò lè yọ nǹkan kan nínú ohun tó ti ní. Kò kàn ní fi kún un ni. Àjò kan náà, tó bá lọ ọ́ ní ọdún Àjíǹde, ẹ̀ẹ̀kan náà ni á máa pàdánù lẹ́yìn tí kò sì ní máa rí níwájú.

Káàdì àtijọ́ wà títí di oṣù Kẹta, òun ló máa fi wọ bàálù padà. Kò pọn dandan kí tuntun ti dé. Wọ́n gbà kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ku oṣù 9 kí káàdì tán, ìyẹn ti kọjá fún un, nítorí náà kó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ báyìí nígbà tó wà ní Kánádà. Ìyàwó wà nílé tó máa gba lẹ́tà.

Ìyá Ìbejì Brampton (9 oṣù Kẹwàá)

Ìṣirò rẹ dáa, ọmọ mi. Àmọ́ ìwọ ń bá ìwé sọ̀rọ̀, èmi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Bí ó bá pẹ́ kọjá oṣù Kẹta, káàdì tán, ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ láti oṣù Kìn-ín-ní, PRTD ló máa kù fún un. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ lórí ìyẹn, ọjọ́ 60 ló ní láti pe ẹjọ́, láti Ìbàdàn. Ẹni tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́ nígbà tó wà nínú ilé rẹ̀ ní Calgary, ọwọ́ tirẹ̀ ṣì wà lókè.

Alákọsílẹ̀ (10 oṣù Kẹwàá)

Mo gba ti pé ó léwu jù láti wà lóde. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kó padà kí oṣù Kejìlá tó parí, kó má fi tíkẹ́ẹ̀tì ṣeré.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ibodè náà wà. Nígbà tó bá balẹ̀, òṣìṣẹ́ CBSA, àjọ tó ń ṣọ́ ibodè Kánádà, lè béèrè ìgbà tó ti lò níta. PR tó fi hàn pé òun jẹ́ PR ní ẹ̀tọ́ láti wọlé, wọn ò lè dá a padà. Ohun tí òṣìṣẹ́ lè ṣe ni kó kọ ìròyìn abala 44 bó bá gbà pé ọjọ́ kò pé. Ọjọ́ tí ìròyìn yẹn jáde ni kíkà dúró, ọjọ́ tí èèyàn bá lò lẹ́yìn rẹ̀ kò wúlò mọ́. Bí ìyẹn bá di àṣẹ pé kó kúrò nílùú, ọjọ́ 30 ló ní láti gbé e lọ sí iwájú ìgbìmọ̀ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní ti Àkọ́bíBàbá, ọjọ́ rẹ̀ pé, kó fi ìwé rẹ̀ sínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú àpótí tí wọ́n máa jù sísàlẹ̀ bàálù.

Àkọ́bíBàbá (10 oṣù Kẹwàá)

Ìwé wo?

Alákọsílẹ̀ (10 oṣù Kẹwàá)

Pásípọ́ọ̀tù kọ́kọ́, tuntun àti èyí tó ti tán, gbogbo ojú ewé. Kánádà kì í fi bẹ́ẹ̀ lu òǹtẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ lẹ máa ń tẹ̀ nínú pápákọ̀. Àmọ́ tiwa ní Murtala Muhammed lù ú nígbà tí ẹ wọlé àti nígbà tí ẹ jáde, òǹtẹ̀ Èkó yẹn ló máa bá yín jẹ́rìí. Ẹ béèrè àkọsílẹ̀ ìrìnnà yín lọ́wọ́ CBSA fúnra wọn, kí ẹ fi bá tiyín wéra kí ẹ tó kọ ọjọ́ kankan sínú fọ́ọ̀mù káàdì, IMM 5444. Bí ohun tí ẹ kọ bá yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́, ibẹ̀ ni ìbéèrè ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ìwé owó orí láti CRA, àjọ owó orí Kánádà, T4 (ìwé owó iṣẹ́ ọdọọdún) bí ẹ bá ṣiṣẹ́, ìwé ilé tí ẹ háyà, káàdì ìlera Alberta, àkọsílẹ̀ báńkì tó fi hàn pé ẹ ń rajà ní Calgary. Fún 2020, kò sóhun tó ṣòro: Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti pápákọ̀ fún bàálù òkè òkun láti oṣù Kẹta títí di 5 oṣù Kẹsàn-án.

Fọ́tò náà, 50 lórí 70 mílímítà ni. Ọ̀pọ̀ máa ń ya ti pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà fún un, wọ́n á sì dá fọ́ọ̀mù padà.

Ọmọ Regina (10 oṣù Kẹwàá)

Ìwé ọsibítù màmá ń kọ́? Ṣé kó so ó mọ́ ọn, kó bẹ̀bẹ̀ àánú?

Ìyá Ìbejì Brampton (11 oṣù Kẹwàá)

Kó tọ́jú rẹ̀ sílé. Òfin fàyè gba àánú lóòótọ́, pàápàá bí ọ̀rọ̀ bá kan ire ọmọ kékeré, ó sì ní ọmọ méjì ní Calgary. Àmọ́ ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ pé tó tún ń bẹ̀bẹ̀, ó ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé òun fúnra òun ò gbà pé ó pé. Bí wọ́n bá kọ̀wé pé àwọn ò gbà, ìgbà yẹn ni kó kó ìwé màmá jáde.

Àkọ́bíBàbá (4 oṣù Kìn-ín-ní 2025)

Ẹ kú ọdún tuntun. Mo ṣe é bí Alákọsílẹ̀ ṣe wí, mo sì fi ìbẹ̀rù Ìyá Ìbejì ṣe ẹ̀ṣọ́. Fọ́ọ̀mù lọ ní oṣù Kẹwàá. Mo lọ síbi ayẹyẹ bàbá, mo jó, mo padà kó tó di ọdún tuntun. Àbúrò mi ní kí n sún un síwájú di ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e nítorí ìkómọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, mi ò dá a lóhùn. Ní Calgary, òṣìṣẹ́ kan béèrè ìgbà tí mo ti wà níta, mo fa ìwé yọ, ó wò ó, ó ní kí n máa lọ.

Àkọ́bíBàbá (17 oṣù Kẹrin 2025)

Káàdì àtijọ́ ti tán ní oṣù Kẹta, tuntun ò tíì dé. Wọ́n kọ̀wé pé kí n fi ẹ̀rí ibi tí mo gbé ránṣẹ́, mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Mi ò jáde kúrò ní Kánádà, mi ò sì gbèrò rẹ̀. Níbi iṣẹ́, wọn ò béèrè káàdì, SIN mi, nọ́ńbà tí a fi ń ṣiṣẹ́ níbí, ṣì ń ṣiṣẹ́.

Aya Olóyè (18 oṣù Kẹrin 2025)

Ẹ jọ̀ọ́, mo ń gba ọ̀nà ibí kọjá. Ọkọ mi wà ní Winnipeg báyìí, káàdì rẹ̀ tán ní ọdún tó kọjá. A ṣírò ọjọ́ rẹ̀, kò pé 730 rárá. Àwọn kan ní kó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ó lè bọ́ sí i.

Alákọsílẹ̀ (18 oṣù Kẹrin 2025)

Kó má fi nǹkan kan ránṣẹ́. Fọ́ọ̀mù yẹn ló máa ní kí wọ́n wá ka ọjọ́ rẹ̀. Ó ti wọlé, kò sẹ́ni tó kọ ìròyìn lé e lórí, PR ṣì ni. Kó jókòó sí Winnipeg, kó máa ṣiṣẹ́, kó máa san owó orí, kó má sì kọjá ibodè, títí tí ọdún 5 tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á fi ní ọjọ́ 730 nínú. Kó má tíì sọ pé òun fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ ẹnikẹ́ni náà, torí ìyẹn á mú kí wọ́n ṣí fáìlì rẹ̀ wò.

Aya Olóyè (18 oṣù Kẹrin 2025)

Màmá rẹ̀ gan-an la fẹ́ mú wá. Ó dáa, a ti gbọ́.